Òkúta Dúdú Kan Nínú Igbá Ìdí-Osè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yín bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo gan-an ni ẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo ní omi odò ni mo ń wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. N kò bínú sí i, nítorí ìyá tó bí mi pàápàá bi mí ní ìbéèrè kan náà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi tábà kọ́lé ní Ìsẹ́yìn, tí àwọn mìíràn ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó iṣu láti Kíṣì lọ sí Ìbàdàn, èmi lóṣòó sétí odò, mo ń ka alákàn.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo ti ka ìwé mẹ́fà, ìjọba ń wá wolé-wolé, mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n pè mí. Owó oṣù rẹ̀ tó ra iṣu, kò tó ra ẹran tí a fi ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ní Ṣakí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Àjàní ni à ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, wọ́n sì máa ń fi sítáàṣì lọ ṣòkòtò káákì rẹ̀ débi pé ó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú. Bí àwọn obìnrin bá gbọ́ pé Àjàní ń bọ̀, wọn a da omi àmù nù, àní omi tí wọ́n pọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí bí ó bá yọjú sínú àmù tí ó rí tanwíjí kan ṣoṣo tó ń jó níbẹ̀, ilé ẹjọ́ yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò gbà pé ìdí àmù ni iṣẹ́ wolé-wolé parí sí. Ó máa ń sọ pé, "Ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n ni kí o lọ wò. Àmù kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgò tí a fi ń gba omi odò. Omi ni ó ní kí n máa pọn. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo ń ru garawa lórí láti odò wá sílé bí ìyàwó tuntun. Àwọn obìnrin odò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n á ní, "Ọkọ wa, ta ló lé ìyàwó yín lọ?" Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní ìtìjú yìí pọ̀ jù. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Nígbà wo ni omi máa ń dàrú jù láàárọ̀?"

Mo ní, "Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá wá wẹ̀."

"Ta ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí òkè odò?"

Mo dárúkọ àwọn obìnrin méjì.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi, sà. Mo rí wọn ni."

Ó ní, "Ìwé wo ni ò bá ti ka ìyẹn? Lọ pọn omi." Mo gbé garawa mi, mo lọ.

Nígbà tí ó wá fún mi ní abọ́ tánganran funfun tí a fi ń wo omi, mo rò pé mo ti di ọ̀gá. A máa bu omi sínú rẹ̀, a ó gbé e sí oòrùn, a ó sì fojú sí i láìsọ̀rọ̀. Mo máa ń yára gbójú kúrò. Ọ̀gá á ní, "Dákẹ́, kí o wò ó dáadáa. Ojú ara rẹ kọ́ lò ń wá níbẹ̀." Ó kọ́ mi pé odò tó wà láàyè kì í dá wà. Lámilámi á máa fò lórí rẹ̀, àkèré á máa ké létí rẹ̀, alákàn á wà lábẹ́ òkúta, ẹja wẹ́wẹ́ á máa sá fún òjìji èèyàn. Bí a bá dé odò kan tó mọ́ gaara tí kò sí ohun tó ń mira nínú rẹ̀, ó ní kí a máa bẹ̀rù.

Ní ọdún kejì mi, ó rán mi lọ wo odò kan lẹ́yìn Kòmu. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn ń jó èèyàn látòkè, kẹ̀kẹ́ ni mo gùn. Mo dúró sinmi lábẹ́ máńgòrò kan, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti ń wọ̀, mo bá mú ìwé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé odò mọ́, ẹja ń bẹ, alákàn ń bẹ. Ọ̀gá kà á tán, kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n padà lọ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò náà wá. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà, ọ̀lẹ tún bá mi sọ̀rọ̀ pé ẹrẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń jẹ́, mo bá bù ú nínú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ọ̀gá fi ìka ra á. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹrẹ̀ odò yẹn dúdú, pupa lèyí. Èmi fúnra mi ti dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Odò náà ti gbẹ. Ẹja wo lo wá rí níbẹ̀, ọmọ mi? Ẹja gbígbẹ?"

Mo wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kí n wọ inú rẹ̀, n kò rí. Ìyà tí ó fi jẹ mí ni pé kí n máa lọ jókòó sétí odò gbígbẹ náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì títí òjò yóò fi rọ̀ tí omi yóò sì padà. Ẹlẹ́yà ni mo jẹ́ fún gbogbo aráa Kòmu. Ọjọ́ tí omi padà, òun náà wá, ó jókòó tì mí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbàgbé láyé mi: "Má kọ ohun tí o kò rí. Má pa ohun tí o rí mọ́. Irọ́ tí wolé-wolé bá pa, ẹlòmíràn ló ń mu ún."

Ó fẹ̀yìn tì ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Èmi ni iṣẹ́ odò náà wá já lé lọ́wọ́, láti Agọ-Àmọ̀dù títí dé apá Kíṣì. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Odò pọ̀, èmi kan ni, mo sì gbọ́dọ̀ wá àwọn tí yóò máa bá mi ṣọ́ wọn ní abúlé kọ̀ọ̀kan láìgba owó. Ọṣẹ ìfọṣọ kan àti abọ́ tánganran kan ni ohun tí ọ́fíìsì ń fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí iṣẹ́ tó le tó kí o máa darí ẹni tí o kò sanwó fún. O kò lè lé e, o kò lè halẹ̀ mọ́ ọn. Kí o mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kí o rántí ẹni tó ń ṣàìsàn nílé rẹ̀, kí o wá lọ́jọ́ tí o ní o ń bọ̀, gbogbo agbára rẹ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọdẹ ni mo kọ́kọ́ yàn, torí ojú wọn mú. Ṣùgbọ́n inú igbó ni wọ́n máa ń wà. Mo yan àwọn bàbá ọlọ́lá, ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, nítorí bàbá ọlọ́lá kì í dé odò bí kò bá jẹ́ pé ó fẹ́ wẹ̀. Mo wá rí i pé àwọn ìyàwó ilé ló ń lọ sódò láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ń rí gbogbo nǹkan. Àwọn ni mo yàn. Mo yọ̀ púpọ̀ pé mo gbọ́n.

Ọ́fíìsì kó bébà ránṣẹ́, pé kí olùṣọ́ odò kọ̀ọ̀kan máa fa ìlà sínú àpótí wẹ́wẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ gba àwọn bébà náà, irú ni wọ́n fi ń pọ́n ní abúlé kan, wọ́n ti fi dáná ní èkejì. Ní Ìdí-Osè, abúlé kan lẹ́yìn Agọ-Àmọ̀dù, olùṣọ́ odò ibẹ̀ dá tirẹ̀ padà fún mi ní mímọ́ tónítóní. Ìyá Ràfátù ni à ń pè é. Ọmọ Ìgbòho ni, ó fẹ́ ọmọ bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo abúlé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan. Ó kúnlẹ̀, ó na bébà náà sí mi.

"Ọ̀gá, bébà yìí ò mọ̀ wá, àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n máa fi òkúta sọ ọ́?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ igbá ṣe bẹ̀rẹ̀, obìnrin yìí ló sì ni ọgbọ́n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n yìn fún un lọ́fíìsì. Igbá kan yóò wà nílé olùṣọ́ odò. Ọjọ́ tí nǹkan bá dára, òkúta funfun kan á wọnú rẹ̀. Bí màlúù bá wọ ibi tí à ń pọn omi, tàbí tí ẹnì kan rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, èkùrọ́ kan. Bí ẹja bá kú léfòó, ìkarawun ìgbín kan. Òkúta dúdú ló burú jù: ó túmọ̀ sí pé ẹni tí sòbìà ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde ti wọ odò. Ní ìparí oṣù, màá gun máṣìn tí ìjọba fún mi lọ, màá da igbá sórí ẹní, màá kà á. Ìgbà tí èkùrọ́ pọ̀ lápá Kíṣì, mo mọ̀ láti inú igbá, mo lọ bá àwọn Fúlàní darandaran sọ̀rọ̀, a jọ la ọ̀nà mìíràn fún màlúù sí ìsàlẹ̀ odò. Àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún làfún, a bá wọn gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹjọ́, kò sí owó ìtanràn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń rántí àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ sòbìà, ẹ dúpẹ́. Aràn gígùn ni, ó rí bí òwú, ẹsẹ̀ èèyàn ló máa ń gbà jáde. Ó máa ń jóni bí iná, ohun tó sì ń mú un rọlẹ̀ ni kí a ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti wọ odò, aràn náà á da ọmọ sínú omi, kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi á gbé wọn mì, àwa náà á sì bu omi mu. Kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan lọ́jọ́ náà. Ìwòyí ọdún tó ń bọ̀ ni yóò tó jáde. Nítorí náà, bí mo bá rí òkúta dúdú kan ṣoṣo, iṣẹ́ mi ni kí n sáré ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n wá da oògùn tó ń pa kòkòrò wẹ́wẹ́ náà sínú odò, kí wọ́n sì pín aṣọ asẹ́ fún gbogbo ilé kí wọ́n máa fi sẹ́ omi mímu.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ọ̀rọ̀ wá láti òkè pé abúlé tí igbá rẹ̀ bá la ẹ̀ẹ̀rùn já láìní òkúta dúdú, wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún un. Ìdí-Osè ló ń ṣíwájú. Mo fẹ́ ẹ̀rọ náà fún wọn tọkàntọkàn, nítorí mo mọ bí odò wọn ṣe máa ń fà tán tí yóò ku ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ ẹ fún ara mi náà. Mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé odò tí èmi ń bójú tó ló gba ipò kìíní.

Oṣù tó kẹ́yìn pé, mo dé ilé Ìyá Ràfátù, ó gbé igbá wá, mo dà á sórí ẹní. Funfun, funfun, funfun. Èkùrọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan dúdú yí jáde láàárín wọn.

Mo ní, "Ta ni?"

Ó wolẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níbi tó ti dúró. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

"Àjèjì ni?"

Ó ń fi ìka ṣa àwọn òkúta funfun jọ.

"Ṣé kì í ṣe pé o ṣèèṣì ju òkúta náà síbẹ̀?"

"N kò ṣèèṣì. Ọwọ́ mi ló jù ú síbẹ̀, ọ̀gá. Ẹnu mi ni kò lè bá a débẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ó tó wọlé, Adúmáadán tàbí Ìbàdíàrán ni yóò máa pè é. Bí kò bá lè pe ọmọdé lórúkọ, báwo ni yóò ṣe na ìka sí àgbà ilé? Mo mọ gbogbo èyí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Síbẹ̀ èmi ni mo yan ìyàwó ilé láti ṣọ́ odò. Mo yan ojú tó ń rí gbogbo nǹkan, mo gbàgbé pé àṣà ti ti ẹnu rẹ̀ pa. Ó wá ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún un láti sọ fún mi, ó sì sọ ọ́.

Mo gbé òkúta náà sí oòrùn. Ẹ wo ọgbọ́n orí àgbàlagbà: mo sọ fún ara mi pé kò dúdú tán, ó kàn ṣú díẹ̀ ni. Ìyá Ràfátù dìde láti lọ sẹ́ omi tí mo máa mu, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ju òkúta náà sínú àpò iṣẹ́ mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé òkúta dúdú, kò sí. Mo mu omi rẹ̀, mo dúpẹ́, mo gun máṣìn mi lọ.

Kànga ẹ̀rọ náà lọ sí ibòmíràn. N kò mọ bí wọ́n ṣe yàn án, ẹnu mi kò sì gbà á láti béèrè.

Ọdún yípo. Nígbà tí gbogbo ayé ń kọ ebè, mo dé Ìdí-Osè, n kò rí ẹnì kan lóko. Èbù iṣu ń gbẹ lábẹ́ igi, ọkọ́ wà lórí àjà. Àwọn ọkùnrin tó yẹ kí wọ́n wà lóko jókòó sábẹ́ igi osè ńlá àárín abúlé, wọ́n na ẹsẹ̀ gbalaja, sòbìà ń gba kókósẹ̀ ẹlòmíràn jáde ní ibi méjì. Mo dé ilé Ìyá Ràfátù. Ràfátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dùbúlẹ̀ lórí ẹní, orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Ìyá rẹ̀ ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ká aràn náà mọ́ igi ìgbálẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà já. Ọmọ náà ń ké pé kí ó fi òun sílẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá." Ó dìde, ó lọ sẹ́ omi fún mi. Mo gbà á, mo mu ún.

Baálẹ̀ pe ìpàdé sábẹ́ osè lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ba odò jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan ní àwọn darandaran ni, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn le sì ti ń wá kùmọ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ ti fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

Ó ní, "Ẹ má wá àjèjì kiri. Èmi ni. Ẹsẹ̀ mi ń jó mi bí iná lọ́dún tó kọjá, mo yọ́ lọ sódò ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo bá ìyàwó ọmọ mi níbẹ̀. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní bí kò bá sọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ohun tí mo gbìn ló hù lára ọmọ rẹ̀ yìí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Ìyá Ràfátù. Wọn kò lè bá Bàbá Ọdẹ wí, òun ni wọ́n rí bá wí. "Ìwọ tí wọ́n ní kí o ṣọ́ odò! O rí i, o dákẹ́?" Ìyá Ràfátù kúnlẹ̀, ó dorí kodò. Ó tó kó sọ pé, "Mo ju òkúta síbẹ̀." Kò sọ ọ́. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á lójú gbogbo ìlú. Èmi wà níbẹ̀. Mo gbé àpò iṣẹ́ mi há abíyá, òkúta náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí mo ti jù ú sí láti ọdún kan. N kò la ẹnu mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mo sáré mú oògùn wá, mo pín aṣọ asẹ́, mo bá wọn di egbò. Bí ara wọn ṣe ń le díẹ̀díẹ̀, ọdún oko ti lọ. Orúnkún Ràfátù kò tọ́ mọ́. Bàbá Ọdẹ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sétí odò, ibẹ̀ ló ń wà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ títí ó fi kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ tí ó ń tiro, á na àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i. "Wo tèmi. Padà sílé."

Mo lọ bá Ọ̀gá Àjàní nílé rẹ̀ ní Ṣakí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo gbé òkúta náà sí i lọ́wọ́. Ó fọwọ́ pa á títí, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni ó yẹ kí o gbé e wá. Ṣé èmi ni mo mu ún?"

N kò gbé e fún Ìyá Ràfátù. Mo ń dé Ìdí-Osè lóṣooṣù, ṣùgbọ́n bí mo bá ní n ó gbé e jáde lóṣù tó ń bọ̀, á tún di oṣù mìíràn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yí ọ̀nà iṣẹ́ padà. Láti ìgbà náà, ẹni méjì ni mo ń yàn ní ilé kọ̀ọ̀kan: ìyàwó ilé kan àti ọmọ ilé kan lóbìnrin. Ìyàwó á rí i, á ju òkúta. Ọmọ ilé á sọ ọ́, nítorí kò sí àgbà tí ọmọ ilé kò lè kò lójú nílé baba rẹ̀. Ọ̀nà náà dára, gbogbo abúlé mi ló gbà á. Wọ́n yìn mí fún un, bí wọ́n ṣe yìn mí fún òkúta.

Irinṣẹ́ náà yí padà. Awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi dé, a wá ń fi rí kòkòrò wẹ́wẹ́ tí a ti ń bẹ̀rù láìrí i. Ọ́fíìsì fún wa ní bébà tó ń yí àwọ̀ bí a bá tì í bọ omi. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi alákàn sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bébà ń sọ bí omi ṣe rí lónìí, alákàn ń sọ bó ṣe rí láti oṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ tó lọ sí iléèwé wá ń kọ ìròyìn igbá sínú ìwé, wọ́n sì ń kà á sókè lábẹ́ igi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí kálukú gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kàn. Sòbìà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó yá, ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n ní kí èmi náà máa lọ sílé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo máa dá máṣìn ìjọba padà, mo gùn ún lọ sí Ìdí-Osè. Ìyá Ràfátù ń sá làfún sórí àpáta. Mo kí i, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo yọ òkúta náà.

"Ìyá Ràfátù, ẹ mọ òkúta yìí?"

Ó nu ìyẹ̀fun làfún kúrò lọ́wọ́, ó gbà á. "Èmi ni mo ṣà á létí odò, báwo ni n kò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Lọ́jọ́ tí ẹ mú un, nígbà tí ẹ lọ tán, mo ka ohun tó kù lórí ẹní. Ó dín ọ̀kan."

Ẹnu yà mí. "Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé?"

"Ọ̀gá, bàbá ọkọ mi tí n kò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, ṣé ẹ̀yin ni mo máa wá dárúkọ yín fún ìlú?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àpáta náà, ó ní kí n dìde, n kò dìde. Ó ní, "Inú bí mi o. Ìgbàkígbà tí Ràfátù bá ń tiro lọ síléèwé, inú a tún máa bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ kò fìgbà kan yẹ oṣù. Mo ní yóò wúwo fún yín lọ́jọ́ kan, ẹ ó gbé e wá."

Ràfátù ti ń bọ̀ láti odò, garawa lórí, ó ń tiro díẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ni ọmọ ilé tó ń sọ̀rọ̀ odò báyìí, òun náà ló ń kọ ìwé. Ìyá rẹ̀ na òkúta náà sí i. Ó ní, "Gbà. Ọ̀kan tó dín nínú igbá rèé. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ràfátù gbé ìwé wá. Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ ọ́ pé òkúta dúdú kan, ó kọ ọdún náà sí i. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá rẹ̀, ó sì wò mí.

"Bàbá, a máa ka ìwé yìí sókè lábẹ́ osè lọ́la. Ta ni kí n kọ pé ó gbé e lọ?"

Ìyá rẹ̀ wolẹ̀, bó ṣe wolẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Mo dìde jókòó. Mo pe orúkọ mi fún un, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, mo sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.